Ẹ̀kọ́ tó sọ èrè àwọn oníṣòwò Lomé di púpọ̀, kì í ṣe ti ìṣirò owó

Obìnrin kan wà nílùú Lomé, lórílẹ̀-èdè Tógò, aṣọ ìgbéyàwó ló máa ń háyà fáwọn èèyàn. Irú òwò bẹ́ẹ̀, ìyàwó á gbé aṣọ lọ, á dá a padà, ẹni tó ni ín á tún jókòó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á máa retí ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí obìnrin yìí gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, kò fi mọ sórí háyà mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ náà, ó fi ìbọ̀wọ́ àti ìbòjú ìyàwó kún un.

Kì í ṣe òun nìkan. Lọ́dún 2014, àwọn olùwádìí Báǹkì Àgbáyé àtàwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mélòó kan kó 1,500 oníṣòwò kéékèèké jọ ní Lomé, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta, 500 lọ́nà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni ta tẹ́tẹ́ ni wọ́n ṣe pín wọn, kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́. Wọ́n kọ́ àwọn àkọ́kọ́ lóhun tí gbogbo ayé mọ̀: ìṣirò owó, ìpolówó ọjà, bí wọ́n ṣe ń bójú tó òṣìṣẹ́. Wọn ò kọ́ àwọn kẹta ní nǹkan kan, kí wọ́n lè fi wọ́n wé àwọn yòókù. Ti àwọn kejì ló yàtọ̀. Ẹ̀kọ́ tiwọn dá lórí iṣẹ́ Michael Frese, onímọ̀ ìrònú àti ìwà ẹ̀dá tó jẹ́ ọmọ Jámánì. Ó ní kí oníṣòwò má dúró de ẹnikẹ́ni kó tó dìde, kó máa wo ọjọ́ iwájú, kó má sì jáwọ́ bí ìṣòro bá dé.

Ó lè dà bí ìwàásù létí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé onídìrí mẹ́wàá wà lójú títì kan, irun kan náà ni gbogbo wọn ń dì, iye kan náà ni wọ́n ń gbà. Irú ìbéèrè tí olùkọ́ á bi ọ̀kan nínú wọn nìyí: kí lẹ lè ṣe tẹ́nikẹ́ni kì í ṣe lójú títì yìí? Bí ẹni tó ń kó ìpara irun wá fún yín ò bá wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́? Bí báǹkì ò bá yá yín lówó, ibo lẹ ti máa rí díẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀? Olùkọ́ kì í dáhùn fún wọn. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá ló ṣe rí, ẹ̀yìn ìlà ló ń dúró sí, ẹni tó wà nínú pápá ló máa gbá bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ ló sì ti ń le, torí ohun tí aládùúgbò bá ń tà lọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń sáré kó.

Wákàtí 36 ni wọ́n fi kọ́ wọn ní kíláàsì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Lẹ́yìn ìyẹn, olùkọ́ ń lọ bá kálukú ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún oṣù mẹ́rin. Àwọn tó kọ́ ìṣirò owó náà rí olùkọ́ bẹ́ẹ̀, wákàtí kan náà, nítorí náà ohun tí wọ́n kọ́ wọn ló mú ìyàtọ̀ wá.

Fún ohun tó lé lọ́dún méjì ni wọ́n fi ń tọ gbogbo wọn lẹ́yìn, èsì rẹ̀ sì jáde nínú ìwé ìròyìn Science lọ́dún 2017. Èrè àwọn ẹgbẹ́ kejì fi ìdá 30 nínú 100 ju tàwọn tí wọn ò kọ́ ní nǹkan kan lọ. Ìdá 11 ni tàwọn oníṣirò owó, àwọn olùwádìí sì ní ìyẹn ò tó èyí táwọn lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe èèṣì. Tàwọn obìnrin tún yani lẹ́nu jù: ìdá 40 fáwọn tó gba ẹ̀kọ́ tuntun, ìdá 5 péré fáwọn tó gba ti àtijọ́.

Èyí ò ní kẹ́nikẹ́ni ju ìwé àkọsílẹ̀ owó rẹ̀ nù o. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó fún sẹ́mínà ọjọ́ kan ní òtẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n á ti fún yín ní sátífíkéètì àti ráìsì, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa wá sí ṣọ́ọ̀bù yín lẹ́yìn rẹ̀, àti ohun tí wọ́n máa béèrè bí wọ́n bá dé.

Ti Lomé yẹn ná wọn ní nǹkan bíi dọ́là 750 lórí ẹnì kan. Ẹni tí ò lówó tó tóyẹn lè wá ọ̀rẹ́ kan nínú ẹgbẹ́ ọjà, ẹni tí òwò rẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀, kí wọ́n jọ máa bẹ ara wọn wò lóṣooṣù. Kí ọ̀rẹ́ náà mú ìwé àti báírò dání, kó kọ ohun tẹ́ni tó lọ bá sọ pé òun máa ṣe sílẹ̀, kó sì béèrè rẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e.