Orin Ọdún Tuntun ní Vienna: Ibi tó ti Ṣẹ̀ Wá

Ní ọjọ́ kìíní ọdún, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó àti Ìbàdàn ṣì ń sun oorun tí ìsìn àìsùn jẹ wọ́n ní gbèsè, tí àwọn mìíràn ti ń dáná ọdún, ọ́kẹ́sítírà kan a ti jókòó sórí ìtàgé ní Vienna, olú ìlú Austria, tí wọ́n ń fi orin ijó kí gbogbo ayé kú ọdún. Vienna Philharmonic ni orúkọ wọn. Orílẹ̀-èdè tó lé ní 90 ló ń gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n. Gbọ̀ngàn Musikverein, tí wọ́n ṣí ní 1870, ni wọ́n ti ń ṣe é: wúrà ló ń dán lára ògiri àti àjà rẹ̀, òdòdó a sì kún ibẹ̀ láti iwájú ìtàgé dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó bá wò ó á gbà pé láti ayé àwọn ọba Austria ni wọ́n ti ń ṣe é bọ̀.

Orin náà ti pẹ́ lóòótọ́. Johann Strauss Kékeré, tó kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kú ní 1899. Ṣùgbọ́n kọ́ńsáàtì yìí gan-an kò ju ọjọ́ orí àgbàlagbà kan lọ. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1939 ni wọ́n ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀, nígbà tí ogun tí Hitler gbé wọ Poland ti di ogun oṣù kẹrin. Gbogbo owó tí wọ́n pa lọ́jọ́ náà, àpò ètò ìrànwọ́ ìgbà òtútù tí ìjọba Násì ń darí ló wọ̀.

Nínú oṣù Kẹta 1938 ni Jámánì gbé Austria mì. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn Júù jáde nínú ọ́kẹ́sítírà. Arnold Rosé wà lára wọn. Láti 1881 ló ti ń jókòó sí àga aṣíwájú àwọn onífáyólìn. Ọdún 57 ló fi sin ẹgbẹ́ náà kí wọ́n tó ní kó máa lọ. Ó sá lọ sí London, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1946. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Alma, tí òun náà ń ta fáyólìn, ni wọ́n mú lọ sí àgọ́ Auschwitz, níbi tó ti darí ọ́kẹ́sítírà àwọn obìnrin tó wà lẹ́wọ̀n kó tó kú níbẹ̀ ní 1944. Armin Tyroler, ọ̀kan lára àwọn afọnfèrè ẹgbẹ́ náà, kò rí ọ̀nà sá lọ. Wọ́n kó o lọ sí àgọ́ Theresienstadt, láti ibẹ̀ wọ́n gbé e lọ sí Auschwitz, wọ́n sì pa á ní 1944. Márùn-ún nínú àwọn olórin tí wọ́n lé ló kú sí àgọ́ àti àdúgbò tí Násì há àwọn Júù mọ́. Àga tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí dìde lórí rẹ̀ ni ẹlòmíràn jókòó sí ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá yẹn, tí orin ijó fi ń dún.

Clemens Krauss ló darí rẹ̀. Strauss kì í ṣe àjèjì sí i, nítorí láti 1929 títí di 1933 ló ti ń darí irú orin bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ yìí kan náà níbi àjọ̀dún orin Salzburg. Orin Johann Strauss Kékeré nìkan ló sì kó jọ fún alẹ́ 1939. Ìjọba Násì ń fẹ́ orin tó fúyẹ́ lórí rédíò, èyí tí ọmọ ogun á gbọ́ lójú ogun, tí ìyàwó rẹ̀ á gbọ́ nílé, kí ara lè tù wọ́n, kí wọ́n má sì ro àròjinlẹ̀. Vienna, ìlú orin ijó waltz, ni wọ́n fi iṣẹ́ yẹn rán. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ ní gbangba pé orin yìí kò mọ nǹkan kan nípa ìkà. Àwọn tó gbé e kalẹ̀ lọ́dún náà ló mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń wo kọ́ńsáàtì yìí mọ̀. Strauss tí wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀ yẹn, ẹ̀jẹ̀ Júù wà lára rẹ̀. Bàbá tó bí bàbá-bàbá rẹ̀, Johann Michael Strauss, jẹ́ Júù ará Hungary tó ṣe ìrìbọmi, tó sì gbéyàwó ní 1762 ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Stephen Mímọ́ ní Vienna. Ó wà nínú ìwé ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì náà, kedere bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí dé etí Goebbels, mínísítà tó ń bójú tó ìpolongo fún Hitler, ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e jáde. Bí ọ̀rọ̀ náà bá tú síta, aráyé ìbá fi wọ́n ṣẹ̀sín. Wọ́n kó ìwé ìgbéyàwó náà lọ sí Berlin, wọ́n da á kọ láti ojú ewé dé ojú ewé, wọ́n yọ ohun tí wọn kò fẹ́ kí a kà, wọ́n dá àdàkọ padà fún ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fi ojúlówó pamọ́ sí ilé ìṣúra ìwé ìjọba. Irọ́ a máa lọ fún ogún ọdún. Ti èyí kò tó bẹ́ẹ̀ kí òtítọ́ tó bá a. Lẹ́yìn ogun ni wọ́n hú ojúlówó náà jáde.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1941 ni wọ́n ṣe èkejì, láti ìgbà náà ló sì ti di ti àárọ̀ ọdún tuntun. Bí ogun ṣe ń le sí i, tí bọ́ǹbù ń já lu Vienna, wọn kò dá a dúró. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹta 1945 ni bọ́ǹbù jó ilé opera ìlú náà, ibi tí àwọn olórin wọ̀nyí ti ń jẹun òòjọ́ wọn. Ní oṣù Kẹrin, àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà wọ ìlú.

Níbi tó dé yìí, ó rọrùn fún kọ́ńsáàtì náà láti kú pẹ̀lú ìjọba tó bí i. Wọ́n ti fòfin de Krauss pé kò gbọdọ̀ darí orin fún ìgbà kan. Ebi wà nílùú. Ìjọba mẹ́rin ló pín Vienna mọ́wọ́. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kìíní ọdún 1946, àwọn ènìyàn tún kóra jọ sí Musikverein, ẹni tó sì dìde níwájú ọ́kẹ́sítírà ni Josef Krips. Júù ni ìdílé bàbá rẹ̀ ti wá, nítorí náà Násì ti gba iṣẹ́ orin lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà ogun. Òun náà ló darí ti 1947. Lójú tèmi, ọjọ́ tí Krips gbé ọ̀pá adarí sókè ni kọ́ńsáàtì yìí tó ní ìtumọ̀ tí a lè fi yangàn. Orin kan náà ni, gbọ̀ngàn kan náà ni, kódà ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó lu orin náà kò yí padà. Ẹni tí wọ́n ti sọ pé kò yẹ lẹ́ni tó ń darí orin ló wá ń darí wọn.

Krauss padà dé ní 1948, ó sì ń darí rẹ̀ títí dé 1954, ọdún tó kú sí Mexico. Wọn kò wá adarí olókìkí láti òde. Aṣíwájú àwọn onífáyólìn wọn, Willi Boskovsky, ni wọ́n fà sókè, ó sì di ipò náà mú láti 1955 dé 1979, ọdún 25 gbáko. Fáyólìn ni Boskovsky ń fi darí orin, bí Strauss fúnra rẹ̀ ti ń ṣe láyé ọjọ́un: á fi ọrun rẹ̀ júwe fún ẹgbẹ́, tó bá sì tó àkókò, á gbé fáyólìn sí ọrùn, á bá wọn ta á. Láti 1959 ni tẹlifíṣọ̀n ti ń gbé e jáde, ẹ̀rín ọkùnrin yìí ni ó sì kọ́kọ́ gbé kọ́ńsáàtì náà wọ yàrá àlejò àwọn ará Yúróòpù.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbi orin náà gan-an, nítorí àṣírí ibẹ̀ kì í hàn nínú ìwé orin. Ìlù mẹ́ta-mẹ́ta ni waltz. Àwọn ohun èlò olóhùn ńlá ló ń lu ẹyọ kìíní, àwọn fáyólìn ẹgbẹ́ kejì ló ń dáhùn pẹ̀lú ẹyọ kejì àti ẹ̀kẹta. Bí a bá kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Ní Vienna wọn kò dọ́gba: ẹyọ kejì a sáré dé díẹ̀ kí àkókò rẹ̀ tó pé, ẹ̀kẹta a sì fà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ oníjó a wá wà lófuurufú fún ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó balẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí omele ṣe ń já sáàárín ọ̀rọ̀ ìyáàlù yóò mọ irú ìdùnnú tí mò ń wí. Kò sí adarí kan tó lè fi ẹnu kọ́ ọ́kẹ́sítírà ní ìyẹn. Ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó ti ara rẹ̀ ni olórin ti ń jogún rẹ̀, ẹni yẹn náà sì jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn Boskovsky, Lorin Maazel láti Amẹ́ríkà darí rẹ̀ láti 1980 dé 1986. Láti 1987 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ pé kí adarí máa yí padà, àwọn olórin fúnra wọn ló sì ń yan ẹni tí wọ́n fẹ́ pè. Herbert von Karajan ni wọ́n kọ́kọ́ pè lọ́nà yìí. Ó ti di arúgbó, àìsàn ẹ̀yìn ti ń bá a jà, ọdún méjì péré ló kù fún un láyé. Ó sì ti ṣe ọmọ ẹgbẹ́ Násì nígbà èwe rẹ̀. Àlejò tó mú wá láti kọrin lọ́jọ́ náà ni Kathleen Battle, obìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ Ohio ní Amẹ́ríkà, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin. Waltz tí Strauss kọ nípa ohùn ìgbà ìrúwé ló kọ. Ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fúyẹ́, ó ń gun òkè bí ẹni pé kò sí wàhálà kankan níbẹ̀. Níbi tí wọ́n ti lé olórin kúrò nítorí ẹ̀yà rẹ̀, obìnrin dúdú ló dúró ní àárín ìtàgé, òun ni gbogbo gbọ̀ngàn sì pàtẹ́wọ́ fún. Mi ò mọ ọdún mìíràn nínú ìtàn kọ́ńsáàtì yìí tó wù mí ju 1987 lọ.

Àlejò ti pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Daniel Barenboim, Júù ọmọ Argentina, darí ti 2009. Gustavo Dudamel láti Venezuela dé ní 2017, ẹni ọdún 35, adarí tó kéré jù lọ́jọ́ orí. Ẹgbẹ́ akọrin àwọn ọmọdékùnrin Vienna ti kọrin níbẹ̀ nígbà mélòó kan, àwọn ọmọdébìnrin sì wá bá wọn kọ ọ́ ní 2023. Àwọn oníjó ilé opera náà ń jó fún àwọn tó ń wò ó nílé.

Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ogun, ẹgbẹ́ náà kò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ńsáàtì yìí. Ní 1942, 60 nínú 123 olórin ibẹ̀ ló jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Násì. Helmut Wobisch, tó ń fun fèrè idẹ, ti wà nínú SS, ẹgbẹ́ ológun Násì. Lẹ́yìn ogun wọ́n gbà á padà, ó sì di alákòóso ẹgbẹ́. Ọdún 1997 ni wọ́n tó gba obìnrin wọlé bí ọmọ ẹgbẹ́ tòótọ́. Ìgbà tó di 2013 ni wọ́n fún àwọn onímọ̀ ìtàn mẹ́ta, Oliver Rathkolb, Bernadette Mayrhofer àti Fritz Trümpi, láyè láti kọ gbogbo rẹ̀ síta: àwọn tí wọ́n lé, àwọn tí wọ́n pa, àti owó 1939 àti ibi tó lọ. Lọ́dún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ gba àwọn oyè ọlá tí wọ́n ti fún àwọn ọ̀gá Násì padà. Ọdún 68 lẹ́yìn ogun ti pẹ́ jù. Ó dùn mí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n kò sí láyé mọ́ láti kà á.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti ń yí díẹ̀díẹ̀ nínú orin fúnra rẹ̀. Orin ìrìn ológun Radetzky, tí wọ́n fi ń kásẹ̀ ètò nílẹ̀, tí àwọn ènìyàn máa ń pàtẹ́wọ́ sí, ọmọ ẹgbẹ́ Násì kan ló tún un tò ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lù ú. Ní 2020 wọ́n pa ìyẹn tì, wọ́n lo èyí tí wọ́n tò tuntun. Ní 2025, ọdún tí Strauss ìbá pé 200, Riccardo Muti lu waltz kan tí Constanze Geiger kọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 12. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí orin rẹ̀ dún ní kọ́ńsáàtì yìí. Ní 2026, Yannick Nézet-Séguin mú waltz Florence Price wá, obìnrin dúdú tí wọ́n bí ní Arkansas ní 1887.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ìwé ìwọlé, oṣù Kejì ni wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ fún ti ọdún tó ń bọ̀, ìbò orí ire ni wọ́n sì fi ń pín in. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó nílé, aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní òwúrọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, aago Vienna àti aago Nàìjíríà sì jẹ́ ọ̀kan náà lásìkò yẹn. Kí ó dúró dé ìparí. Fáyólìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jẹ́jẹ́ fún orin odò Danube, pàtẹ́wọ́ á bò ó mọ́lẹ̀, adarí á dá orin dúró, á kọjú sí gbọ̀ngàn, gbogbo olórin á sì kí ayé kú ọdún ní èdè Jámánì lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n tó tún un bẹ̀rẹ̀.