Ta Ló Ni Ọ̀rọ̀-Ìṣe Yẹn? Nínú Kíláàsì Kọ́ńkọ́ọ̀dù ní Òṣogbo àti Iléṣà

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù. Nínú yàrá òkè kan tí kò jìnnà sí Oríta Ọláìyá ní Òṣogbo, àwọn ọmọ lẹ́sìnnì ti fún mọ́ra wọn lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn kan ṣì wọ yúnífọ́ọ̀mù. Àwọn mìíràn ti parí girama, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni kò jẹ́ kí wọ́n rí yunifásítì wọ̀. Ariwo kẹ̀kẹ́ Márúwá ń gba ojú fèrèsé wọlé. Olùkọ́ kò kọbi ara sí i. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ gbólóhùn kan sójú pátákó: "The price of the yams have gone up."

"Ṣé ó tọ̀nà àbí kò tọ̀nà?"

"Ó tọ̀nà, sà!"

"Kí ló gòkè?"

"Iṣu ni, sà."

"Iṣu wo ló gòkè? Iṣu ṣì wà nílẹ̀ níbi tí ìyá oníṣu tò ó sí. Iye owó ló gòkè. Iye owó mélòó?"

Kíláàsì dákẹ́ díẹ̀. "Ẹyọ kan, sà."

"Ta wá ló ni ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn?" Ó fa ìlà sábẹ́ "price", ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo "of the yams" mọ́lẹ̀, ó nu "have" kúrò, ó kọ "has" sípò rẹ̀.

Ohun tí àwọn tíṣà wa ń pè ní kọ́ńkọ́ọ̀dù nìyẹn: kí ọ̀rọ̀-ìṣe bá olùwà mu ní iye. Bí olùwà bá jẹ́ ẹyọ, ọ̀rọ̀-ìṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹyọ; bí ó bá jẹ́ ọ̀pọ̀, kí tòun náà jẹ́ ti ọ̀pọ̀. Ọmọ kékeré nínú ọjà kì í dá obìnrin tó sún mọ́ ọn jù lọ lóhùn, ìyá rẹ̀ ló ń dá lóhùn, kódà bí ìyá náà bá wà lókèèrè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe. "Yams" ló sún mọ́ ọn, àmọ́ "price" ló bí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún àwọn ọmọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì wọ̀nyí. Nínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC, máàkì 50 ló wà nílẹ̀: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ètò, 20 fún ìlò èdè, 10 tó kù fún gírámà, àmì àti sípẹ́lì. Nínú 10 ìkẹyìn yìí, gbogbo àṣìṣe tí olùṣàmì bá fi bírò pupa yí ká ló ń gé ìdajì máàkì. Bí ọmọ bá ṣi "has" àti "have" ní ìgbà ogún, gbogbo 10 náà ti lọ, kódà bí ìtàn rẹ̀ dùn bí oyin. Ti JAMB náà ò kéré: nínú ìbéèrè 180 tí ọmọ máa dáhùn, 60 jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù ní 40, 40.

Kí ló wá dé tí ọmọ tó gbọ́n, tó mọ ìṣirò, tó lè sọ ìtàn kó sì mọ́ni lára, fi ń kọsẹ̀ lórí "s" kékeré kan? Ìdáhùn olùkọ́ yìí ló mú kí n jókòó tì wọ́n di alẹ́. Kò bá wọn jà. Èdè wọn ló kọ́kọ́ gbé síwájú wọn. Ó kọ ọ́ sójú pátákó: mo lọ, o lọ, ó lọ, a lọ, ẹ lọ, wọ́n lọ. "Níbo ni 'lọ' ti yí padà?" Kò sí. Ọ̀kan ni, ogún ni, lónìí ni, lánàá ni, "lọ" kì í mira. Yorùbá ti fi iṣẹ́ iye fún "àwọn" àti arọ́pò-orúkọ, ó ní kí ọ̀rọ̀-ìṣe lọ sinmi. Ọmọ tó ti fi èyí ronú láti kékeré kò lè ṣàdédé mọ̀ pé ní ibòmíràn, ọ̀rọ̀-ìṣe gbọ́dọ̀ máa wo ojú olùwà kó tó jáde.

Ó tún fi ohun kan kún un tí etí ọ̀pọ̀ wa ń gbọ́ lójoojúmọ́ tí ọkàn wa kì í gbà. Bí a bá sọ pé "ọmọ lọ", ẹnu wa a máa gbé ohùn ìparí olùwà sókè: "ọmọ́ lọ". Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti jiyàn gan-an lórí ohùn òkè yìí, àmọ́ ohun tó dájú ni pé ibi tí olùwà parí sí ló ń fi hàn, kì í ka iye. Nítorí náà, ìparí olùwà ni etí Yorùbá ń ṣọ́. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀, orí olùwà ló ń kà. Ìdí nìyẹn tí "yams", tó wà ní ìparí, fi gba "have" mọ́ "price" lọ́wọ́ nínú gbólóhùn àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn náà ni ó ní kí wọ́n kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa ẹnì kan nílé wọn. Ó gba ìwé ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú, ó kà á sókè: "My grandmother live in Ilesa. They sell kolanut. They are old."

"Ta ni 'they'?"

"Màmá àgbà ni, sà."

"Àwọn mélòó ni?"

"Àwọn nìkan ni, sà."

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kí gbogbo kíláàsì fetí sí ìdáhùn yẹn dáadáa: *àwọn nìkan*. Ènìyàn kan ṣoṣo ni, síbẹ̀ "àwọn" ni. "Wọ́n kọ́ ẹ dáadáa nílé," ló wí fún ọmọ náà. "Yorùbá ń fi iye bu ọlá. Ẹni tó bá ti jù ẹ́ lọ, bó tilẹ̀ dá wà, 'wọ́n' ni. Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Ọmọ náà ní bóun bá kọ "she" fún màmá àgbà, ó dà bí àfojúdi. Olùkọ́ ní kì í ṣe àfojúdi; ibòmíràn ni Gẹ̀ẹ́sì gbé ọ̀wọ̀ sí, inú "please", inú "ma", inú bí a ṣe ń pe orúkọ.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́" tó sọ yẹn, òtítọ́ ni. Nígbà kan, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní "thou" fún ẹnì kan, "you" sì jẹ́ ti ọ̀pọ̀ àti ti ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún, bí "o" àti "ẹ" tiwa. Nígbà tó yá, wọ́n sọ "thou" nù. Ìdí nìyẹn tí "you" fi ń gba "are" títí dòní, ìbáà jẹ́ ọmọdé kan ṣoṣo là ń bá sọ̀rọ̀. "S" ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe náà ní ìtàn tirẹ̀: nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611, "-eth" ló wà níbẹ̀, tí a fi ń rí "goeth" àti "cometh", "-s", tó ti àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ̀ kalẹ̀, ló gba ipò rẹ̀. Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe wọn ń yí padà fún èmi, fún ìwọ, fún òun, fún àwa. Ó ti já dànù díẹ̀díẹ̀. "S" yìí nìkan ló kù fún ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe, "be" nìkan ló sì ṣì ń yí nígbà tó ti kọjá, "was" àti "were". Ẹ̀rù dín lójú àwọn ọmọ náà nígbà tí wọ́n rí i pé ohun tó kù láti kọ́ kò pọ̀.

Láti Old Garage ní Òṣogbo ni mo ti wọ ọkọ̀ lọ sí Iléṣà láti wo kíláàsì mìíràn. Nítòsí Ọjà Àtàkúmọ̀sà, káfíńtà kan gbé àga onítìmùtìmù méjì síta, ó sì fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sára pátákó ìpolówó rẹ̀: "All kinds of furnitures is available here." Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dán, oríkèé àga rẹ̀ kò mì. Oníbàárà rẹ̀ kò nílò àlàyé. Àmọ́ gbólóhùn yẹn jẹ́ ẹ̀kọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. "Furniture" kì í gba "s", bó ti wù kí àga pọ̀ tó. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "equipment", "luggage" àti "information". Èkejì, "kinds" ló ni ọ̀rọ̀-ìṣe, "kinds" sì pọ̀: "All kinds of furniture are available here." "News" ló yí i po ní tirẹ̀: ó ní "s" nídìí, síbẹ̀ ẹyọ ni, "the news is". "Mathematics" náà bẹ́ẹ̀.

Mo gba iwájú Ilesa Grammar School kọjá, ilé-ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1934, kí n tó dé ilé-ìwé girama tí mo ń lọ. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀, obìnrin tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ń ṣàmì ìwé ní ọ́fíìsì àwọn tíṣà. Ó fún mi láyè kí n wo ohun tí bírò pupa ń yí ká. Nínú ìwé JSS1, "s" ló sọnù: "He go to school." Nínú ìwé SS2, "s" ti wá pọ̀ jù: "She doesn't knows", "He did not goes", "They comes". Ó ní ọmọ tó kọ irú èyí ti gbọ́ ìbáwí lórí "s" tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń fi í síbi gbogbo. Ìtọ́jú rẹ̀ kúrú: ẹrù kan, ẹni kan ló ń rù ú. Bí "does" bá ti gbé "s", "know" ń lọ lọ́wọ́ òfo: "She doesn't know." Ohun tó tún ń da àwọn ọmọ láàmú ni pé "s" ń sọ ọ̀rọ̀-orúkọ di ọ̀pọ̀, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ti ẹyọ. "The boy runs; the boys run." Ibi tí "s" bá wà ní apá kan, kì í sábà sí ní apá kejì.

Agogo lù, a jọ wọ SS3. Ó kọ ọ́: "The Owa, together with his chiefs, ___ in the palace."

"Are, mà!"

"Is."

Kíláàsì fárígá. Ọmọkùnrin kan dìde pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, Kábíyèsí nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Gbogbo ìjòyè ló jókòó tì wọ́n." Olùkọ́ kò já a kúrò lẹ́nu. Ó ní ọmọ náà rí ààfin bó ṣe rí, àmọ́ gbólóhùn ni kí ó kà. "Together with", "as well as", "along with", "accompanied by": bí èèyàn ogún bá wọlé lẹ́yìn èyíkéyìí nínú wọn, ọ̀rọ̀-ìṣe kò kà wọ́n. Ọwá ló ni gbólóhùn, ẹnì kan sì ni Ọwá. Ó wá nu gbogbo rẹ̀, ó kọ "The Owa and his chiefs". Báyìí, "are" ni. "And" nìkan ló ń ṣírò èèyàn pọ̀. Ọmọkùnrin náà jókòó, ó kọ méjèèjì sínú ìwé rẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ èkejì.

Wọ́n sáré gba àwọn tó kù kọjá, àwọn tí ìdánwò fẹ́ràn. "Everybody" àti "each" ń gba ẹyọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ayé ni wọ́n ń tọ́ka sí. "One of the boys is", torí "one" ló ni ín. "A number of students are", àmọ́ "the number of students is". "Neither the teacher nor the pupils were": níbí, èyí tó sún mọ́ ọn ló ń borí. "Five thousand naira is", torí owó kan ni, kì í ṣe náírà tí a tò nílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. "The police are", torí ọ̀pọ̀ ni ọlọ́pàá lójú Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tó so yàrá òkè Òṣogbo pọ̀ mọ́ kíláàsì Iléṣà ni pé àwọn olùkọ́ méjèèjì fi Yorùbá ṣàlàyé ibi tó le. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní ẹ̀rí nítòsí. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Mọ̀dákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù; Gẹ̀ẹ́sì wà lọ́wọ́ olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní oṣù kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí á padà sí.

Ìjọba lè yí ìlànà padà. Kò lè yí èdè tí ọmọ Òṣogbo fi ń ronú padà. Ẹni tí kò bá mọ ìdí tí ọmọ fi kọ "they" fún ìyá àgbà kan ṣoṣo, òfin nìkan ni yóò máa kọ sójú pátákó, ọmọ yóò há a sórí títí di ọjọ́ ìdánwò, yóò sì gbàgbé rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò fi gbólóhùn kan tú ìdí yẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má tijú láti sọ Yorùbá nínú kíláàsì yín nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di kókó. Ẹ̀yin òbí, ẹ má pe ọmọ ní olódo torí "s" tó ṣubú. Àwọn ilé-ìwé tó ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ nítorí pé ó sọ èdè bàbá rẹ̀ ní ọgbà, kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀ lónìí. Owó yẹn kò kọ́ ọmọ kankan ní kọ́ńkọ́ọ̀dù rí.