Mọ́tò Àtijọ́, Ọ̀dà Tuntun: Ibi Tí Owó Máa Ń Wọlẹ̀ Sí

Ẹni tó bá ní mọ́tò spọ́ọ̀tù àtijọ́ nílẹ̀, ìbáà jẹ́ Honda Prelude, Toyota Celica tàbí Mercedes onílẹ̀kùn méjì, tó sì fẹ́ kun ún, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń bi pẹ́ńtà ni pé, "Èló lẹ máa gbà?" Iye tí pẹ́ńtà bá sì dá lé e lójú ẹsẹ̀, kò lè jóòótọ́. Kì í ṣe pé pẹ́ńtà náà fẹ́ parọ́ o. Kò sẹ́ni tó lè mọ iye tí iṣẹ́ ọ̀dà máa jẹ́ títí tó fi máa rí ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà àtijọ́. Èyí ló fà á tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń náwó lẹ́ẹ̀mejì sórí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Wọ́n á kun mọ́tò lóṣù Kọkànlá, kó dán gbinrin, ṣùgbọ́n kí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e tó dá, ọ̀dà ti ń bó bí awọ ejò.

Ní Ìjìó àti àwọn ìlú tó wà lápá ibi tí Òkè-Ògùn ti sún mọ́ ààlà orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ fáàrí, ó ti di ọ̀rọ̀ òwò. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de gbígbé mọ́tò wọlé láti ẹnu ààlà orí ilẹ̀. Nígbà tó sì di oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n tú iye náírà sílẹ̀, dọ́là kan tí wọ́n ń ṣẹ́ ní nǹkan bíi ₦460 kọjá ₦1,500 kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí. Tòkunbọ̀ wá di ohun tí apá ọ̀pọ̀ èèyàn ò ká mọ́. Ẹni tó ti ní mọ́tò arẹwà kan nílé, tó ń fi gbé ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó tàbí tó fẹ́ tún un ṣe kó tà á, kò ní ṣe tán àtirà tuntun. Èyí tó wà nílẹ̀ náà ló máa tún ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé sánpépà, ìṣirò kan wà tó yẹ kí ẹni tó ni mọ́tò jókòó ṣe. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ lásán, kì í ṣe iye ọjà: bí wọ́n bá ń san ₦40,000 fún mọ́tò náà lóde ìgbéyàwó kan, tí epo àti owó awakọ̀ sì kó ₦15,000 lọ, ₦25,000 ló kù sápò. Bí iṣẹ́ ọ̀dà bá jẹ́ ₦1,000,000, ogójì òde ló máa dá owó náà padà. Bí ó bá jẹ́ òde méjì ló ń rí lóṣù, ogún oṣù nìyẹn. Ọ̀dà tí kò bá lè lò tó ogún oṣù kó ṣì máa dán, gbèsè ni. Èyí ni kò fi yẹ kó jẹ́ iṣẹ́ tó pọ́ọ́kú jù lọ ni oníṣòwò máa wá, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kó sáré lọ gbé owó fún èyí tó wọ́n jù.

Ó tiẹ̀ ṣeé ṣe kí mọ́tò náà má nílò ọ̀dà tuntun rárá. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tí wọ́n ṣe kí ó tó di nǹkan bí ọdún 1985 ni kò ní kílíà, ìyẹn ọ̀dà tí kò ní àwọ̀ tí wọ́n máa ń fi bo ti ìsàlẹ̀ kó lè máa dán. Kí wọ́n fi àkísà funfun àti ohun ìfọ̀ ọ̀dà díẹ̀ ra ibi kan tó fara sin. Bí àwọ̀ mọ́tò bá yí mọ́ àkísà náà, ọ̀dà alápapọ̀ kan ni, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òkè rẹ̀ nìkan ni oòrùn jẹ. Fífọ̀ ọ́ dáadáa lè jí i padà pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí àkísà bá funfun síbẹ̀ tí orí mọ́tò sì ti ń ṣí bí eéṣú tó ń bọ́ awọ, kílíà ló ti kú. Kò sí ohun ìfọ̀ tó lè jí òkú kílíà.

Àyẹ̀wò kejì ni ti tínà. Kí wọ́n fi òwú tó rin fún tínà gbé e lé ibi tó fara sin fún ìṣẹ́jú kan. Bí ọ̀dà náà bá yọ́, irú ọ̀dà àtijọ́ tí kì í lo hádínà ni, èyí tí àwọn aláwọ̀ funfun ń pè ní lacquer. Irú rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ DuPont gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1923 tí General Motors fi bẹ̀rẹ̀ sí í kun mọ́tò, nítorí pé ó máa ń gbẹ kíákíá. Ọ̀pọ̀ pẹ́ńtà ojú ọ̀nà nílẹ̀ wa ṣì ń lò ó nítorí pé kò wọ́n. Wàhálà rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá kun ọ̀dà olóníhádínà lé e lórí, tínà inú ti òkè lè wú ti ìsàlẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ ká jọ bí awọ àgbàlagbà. Irú èyí gbọ́dọ̀ ṣí kúrò kan irin. Iṣẹ́ àti owó ọ̀tọ̀ nìyẹn, kò sì sí nínú iye tí pẹ́ńtà kọ́kọ́ dá.

Òòfà kékeré kan tí wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé lè ràn wọ́n lọ́wọ́ láti mọ ibi tí bọ́dì-fílà wà. Ibi tí òòfà ò bá ti mú irin dáadáa, fílà ló wà níbẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí irin abẹ́ rẹ̀ ti jẹrà. Abẹ́ ilẹ̀kùn, etí táyà, ìsàlẹ̀ rọ́bà gíláàsì iwájú, ibi tí wọ́n ń gbé bátìrì lé àti ilẹ̀ búùtù ni ìpẹtà ti máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Fílà tó bá nípọn ju mílímítà 3 lọ, kò sí ẹni tó lè ṣe ìdúró fún un. Páńẹ́lì-bítà ló yẹ kó kọ́kọ́ fi òòlù tún irin ṣe. Fílà sì máa ń mu omi. Àwọn tó ń da omi sí i tí wọ́n bá ń fi sánpépà fọ̀ ọ́, ìpẹtà ni wọ́n ń gbìn sílẹ̀.

Gbogbo ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ kùn sára mọ́tò láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kò sábà ju 150 máíkírónì lọ, ìyẹn bí ìnípọn irun orí méjì. Kí ni irun méjì fẹ́ bò mọ́lẹ̀? Bí kílíà bá ṣe dán tó ni wíwọ́ tó wà nísàlẹ̀ máa ṣe hàn tó, pàápàá bí ó bá jẹ́ dúdú. Ìdí nìyí tí èyí tó pọ̀ jù nínú wákàtí iṣẹ́ gidi fi máa ń lọ sí irin títúnṣe, fífọ̀, práímà àti bíbo ohun tí kò yẹ kí ọ̀dà kàn. Fífọ́n ọ̀dà gan-an lè má gbà ju ọjọ́ kan lọ. Pẹ́ńtà tó bá sọ pé òun máa parí gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta, ó ti sọ ohun tí kò ní ṣe.

Nínú bíbo yìí, nǹkan kan wà tó yẹ kí wọ́n kíyè sí. Ìwé ìròyìn dára púpọ̀ fún kíkà, kò dára fún bíbo gíláàsì mọ́tò. Tínà máa ń gba ara rẹ̀ kọjá, eruku ara rẹ̀ sì máa ń já bọ́ sínú ọ̀dà tútù. Owó ìwé tí wọ́n ṣe fún bíbo kò tó nǹkan rárá bí wọ́n bá fi wé gbogbo iṣẹ́ náà.

Ohun tó wá mú ti Ìjìó yàtọ̀ sí ti Èkó ni eruku, àsìkò àti ọ̀nà jíjìn. Láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, òjò ń rọ̀, afẹ́fẹ́ tútù, omi sì máa ń wọ inú afẹ́fẹ́ tí kọmpúrẹ́ṣọ̀ ń fún jáde. Bí kò bá sí ohun tó ń gba omi náà lẹ́nu ọ̀pá, á bá ọ̀dà jáde sára mọ́tò. Bí ọyẹ́ bá dé, láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ gbẹ, ṣùgbọ́n eruku pupa ò jẹ́ kí kílíà tútù sinmi. Ìpẹ̀kun oṣù Kẹwàá sí oṣù Kọkànlá ló dára jù, nígbà tí òjò ti ń lọ tí ọyẹ́ ò tíì dé. Àkókò náà ni ìgbéyàwó sì ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹni tó fẹ́ lo mọ́tò lóṣù Kejìlá gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ irin láti oṣù Kẹjọ.

Kíkùn sábẹ́ igi máńgòrò ò dára. Gáréèjì tí wọ́n fi ọ̀rá bo ògiri rẹ̀, tí wọ́n da omi sílẹ̀ rẹ̀ kí eruku má baà dìde, tí fáànù sì ń fa èéfín jáde níhà kan, ti sàn ju ìta gbangba lọ ní ọ̀nà mẹ́wàá. Òwúrọ̀ kùtù ni kí wọ́n fọ́n ọn. Nínú oòrùn ọ̀sán, tínà á ti gbẹ kí ọ̀dà tó tẹ́, ara mọ́tò á wá rí bí èèpo ọsàn. Tínà tí kì í yára gbẹ wà fún ilẹ̀ gbígbóná bíi tiwa, kí ẹni tó fẹ́ rà á béèrè rẹ̀ ní pàtó.

Ti iná mànàmáná náà wà ńbẹ̀. Bí kò bá sí iná, jẹnẹrétọ̀ ló máa gbé kọmpúrẹ́ṣọ̀. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, jálá bẹntiróòlù kan kò tó ₦200. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦900 ní ọ̀pọ̀ ibi. Kí owó epo yìí ní ìlà tirẹ̀ nínú ìwé ìṣirò, kí ó má di ohun tí pẹ́ńtà ń wá tọrọ lójoojúmọ́.

Ọ̀dà tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà pò kò sí nítòsí, Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ ti ń lọ rà á. Ẹni tó bá gbéra ní Ìjìó á rìn títí dé Ìṣẹ́yìn, kó tó bọ́ sójú ọ̀nà Ìṣẹ́yìn sí Mọ́níyà tó jẹ́ kìlómítà 65. Ẹni tó bá lọ ra ọ̀dà tí kò tó, tó tún ní láti padà lọ, owó ọkọ̀ nìkan kọ́ ló máa ná. Àwọ̀ tí wọ́n bá pò lẹ́ẹ̀kejì lè má bá tàkọ́kọ́ mu, pàápàá bó bá jẹ́ aláwọ̀ tó ń tan yẹ́rẹ́yẹ́rẹ́ bíi sílífà. Ẹ̀ẹ̀kan ni kí wọ́n ra gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n mú kóòdù ọ̀dà tó wà lára mọ́tò dání, kí wọ́n sì kà nípa rọ́bà gíláàsì àti rọ́bà ilẹ̀kùn kí wọ́n tó yọ ti àtijọ́: rọ́bà mọ́tò àtijọ́ ṣọ̀wọ́n, bí ó bá fà ya kí wọ́n tó rí òmíràn, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ọjà Aráròmí ní Agodi-Gate ní Ìbàdàn àti Ládìípọ̀ ní Mushin ni wọ́n ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Ọgbọ́n kan tún wà tí àwọn tó ní mọ́tò olówó iyebíye lè dá. Kí páńẹ́lì-bítà parí iṣẹ́ irin sílé, kí wọ́n fi práímà epoxy bò ó, kí wọ́n wá gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ pẹ́ńtà tó ní yàrá ọ̀dà gidi nínú ìlú ńlá. Epoxy máa ń dí omi. Práímà ìdíhò lásán kì í dí i, mọ́tò tí wọ́n bá fi práímà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún òjò, inú ló ti ń dípẹtà. Ohun tó kàn ni pé bí epoxy náà bá ti lò tó ọjọ́ mélòó kan, wọ́n gbọ́dọ̀ fi sánpépà họ ọ́ kí wọ́n tó kun ohunkóhun lé e. Bí owó bá tán lójú ọ̀nà, ibi epoxy yìí ni ibi ìsinmi tó dára. Kí owó má tó kò burú, ohun tó burú ni kí wọ́n fi omi tínà lú ọ̀dà kó lè kárí.

Ní ti àwọ̀, kí oníṣòwò fara mọ́ àwọ̀ tí mọ́tò bá wá sáyé. Ẹni tó bá yí i padà gbọ́dọ̀ kun etí ilẹ̀kùn, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì àti inú búùtù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó fẹ́ rà á á ṣílẹ̀kùn, á sì rí mọ́tò méjì nínú ọ̀kan. Àwọ̀ tún wà lára ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé mọ́tò, ẹni tó bá yí i tí kò lọ ṣàtúnṣe níléeṣẹ́ tó ń ṣe ìwé ọkọ̀, ẹjọ́ ló ń rà lọ́wọ́ ọlọ́pàá ojú ọ̀nà. Funfun àti àwọn àwọ̀ tí kì í tan yẹ́rẹ́yẹ́rẹ́ rọrùn láti tún ṣe bí ewúrẹ́ bá fara họ ọ́. Pupa lẹ́wà lára mọ́tò spọ́ọ̀tù, kò sẹ́ni tó jiyàn, ṣùgbọ́n kì í tètè bo nǹkan, ó sì lè gbà ju ẹ̀ẹ̀mejì fífọ́n lọ.

Ọ̀rọ̀ owó sísan ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó dára ni kí ẹni tó ni mọ́tò ra ọ̀dà àti gbogbo èròjà fúnra rẹ̀, kó sì pín owó iṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́rin. Kó san àkọ́kọ́ nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, ìkejì nígbà tó bá ti rí irin ní ìhòòhò tí wọ́n sì ti tún un ṣe, ìkẹta nígbà tó bá ti fọwọ́ ra práímà tí kò rí gbungbun kankan, kí èyí tó kù dúró di ọjọ́ tí mọ́tò bá jáde sínú oòrùn. Kó ya fọ́tò ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò náà lọ́jọ́ iwájú máa gbà á gbọ́ ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Kó sì fi bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo owó náà pamọ́ fún ìpẹtà tí kò tíì fojú hàn. Pẹ́ńtà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, nítorí òun náà á mọ̀ pé wọn ò ní sọ pé òun ló ba ohun tó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ jẹ́.

Hádínà tó wà nínú ọ̀dà òde òní máa ń fa ikọ́ fée fún ẹni tó bá ń fà á símú. Aṣọ tí wọ́n so mọ́ imú ò dá a dúró. Ìbomú tó ní èédú sísẹ́ sàn jù ú lọ, kí owó rẹ̀ sì wà nínú ìṣirò, yálà pẹ́ńtà ló máa rà á tàbí ẹni tó ni mọ́tò. Kí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń di iná mú náà ní tiwọn.

Bí iṣẹ́ bá parí, kílíà náà á gbẹ lójú láàárín ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n kò tíì gbó nínú. Kí wọ́n má fi ìpara tó ń mú mọ́tò dán sí i fún bí oṣù kan, omi tó mọ́ àti aṣọ rírọ̀ ló tó o. Ìgbẹ́ ẹyẹ lè jẹ ọ̀dà tuntun wọlé láàárín ọjọ́ méjì péré, kí wọ́n tètè fi omi fọ̀ ọ́. Ọ̀dà tó bá ṣẹ́kù tí wọn ò tíì fi hádínà sí, kí wọ́n rọ ọ́ sínú agolo kékeré tó kún dé ẹnu, kí wọ́n dé e pa, kí wọ́n kọ kóòdù àti ọjọ́ sí i lára, fún ìgbà tí ẹ̀ka igi bá họ ilẹ̀kùn. Hádínà tí wọ́n ti ṣí kò ṣeé tọ́jú pẹ́, ọ̀rinrin á ti bà á jẹ́, tuntun ni wọ́n gbọ́dọ̀ rà.