Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Sítíárìn Ọkọ̀ Asáré Àtijọ́

Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ọkọ̀, sítíárìn ni ọwọ́ awakọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lára rẹ̀ láti ìgbà tó bá ti ṣíná títí tí yóò fi gúnlẹ̀. Òun ló ń gbé ìròyìn ojú ọ̀nà wá sí àtẹ́lẹwọ́ wa: ibi tí ilẹ̀ ti dán, ibi tó ti rí gbágungbàgun, ìgbà tí táyà iwájú fẹ́ máa yọ̀. Abájọ tó fi jẹ́ pé bí ọ̀dọ́ kan bá ra ọkọ̀ asáré tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, sítíárìn wà lára ohun tí yóò kọ́kọ́ fẹ́ pààrọ̀. Awọ ara ti àtijọ́ ti bó, ó ti ń yọ̀ lọ́wọ́, ó sì lè tóbi ju bí ọkàn ẹni ṣe fẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tuntun tó rẹwà kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń dúró de olówó.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìfẹ́ yẹn kò burú. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ohun tí ẹ fẹ́ yọ kúrò ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò dáadáa, kí ẹ tó máa wo èyí tí ẹ fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, àbámọ̀ inú ọkọ̀ sì lè ju ti owó lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ

Ọkọ̀ tí a ó lò ni Mazda MX-5, tí àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ sí Miata. Oṣù Kejì ọdún 1989 ni wọ́n kọ́kọ́ fi han aráyé níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ìlú Chicago. Ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì ni, ó kéré, ó fúyẹ́, èèyàn sì lè ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i lórí. Nígbà tó fi máa di ọdún 2016, Mazda ti ṣe mílíọ̀nù kan rẹ̀. Ìran àkọ́kọ́, tí wọ́n ṣe títí di ọdún 1997, ni ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ ń wá kiri láti tún ṣe.

Ṣùgbọ́n bí ìbejì bá jọra lójú, ìwà wọn lè yàtọ̀. Èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ní àpò afẹ́fẹ́, ìyẹn ẹ́ábáàgì, nínú sítíárìn awakọ̀ láti ọdún 1990. Nígbà tó di ọdún 1994, ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ náà ní tirẹ̀. Ní Jàpáànì, ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní V-Special jáde ní ọdún 1990 pẹ̀lú sítíárìn onígi tí ilé-iṣẹ́ Nardi ṣe, tí kò sì ní ẹ́ábáàgì rárá. Nítorí náà, ẹni méjì lè ní MX-5 aláwọ̀ kan náà, kí ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ sítíárìn má sì jọ ara wọn fún wọn. Ẹnì kan yóò yọ roboto lásán kúrò, yóò fi roboto mìíràn sí i. Ẹnì kejì yóò yọ ohun tí wọ́n ṣe láti gba ẹ̀mí rẹ̀ là.

Ohun tó fara pamọ́ sí àárín

Bí ọkọ̀ bá fi iwájú kọlu nǹkan, àpò yìí máa ń wú kí ojú tó ṣẹ́: kò tó ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ààbò ojú pópó, NHTSA, ṣírò rẹ̀ pé láti ọdún 1987 sí ọdún 2017, àpò afẹ́fẹ́ iwájú dá ẹ̀mí 50,457 sí ní orílẹ̀-èdè náà. Bẹ́líìtì ìjókòó ni olórí ààbò, àpò náà sì ni olùrànlọ́wọ́ rẹ̀. Sítíárìn aláràbarà tí ẹ rí lọ́jà kì í sábà ní nǹkan kan láàárín ju bọ́tìnnì fèrè ọkọ̀ lọ.

Òfin náà ní ohun tó ń sọ. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gba ilé-iṣẹ́ tó ń tún ọkọ̀ ṣe láàyè láti sọ ohun ààbò tó bá ọkọ̀ wá di aláìṣiṣẹ́. Òfin yẹn kò mú ẹni tó ni ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ìpínlẹ̀ lè yàtọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹ́ábáàgì tó bá ọkọ̀ wá láti ilé-iṣẹ́ bá ti pòórá, ọkọ̀ náà lè kùnà nínú àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò yín pẹ̀lú, kí ẹ tó na owó.

Àwọn kan máa ń so irinṣẹ́ iná kékeré kan mọ́ wáyà kí iná ìkìlọ̀ orí dáṣíbọọ̀dù má baà tàn mọ́. Irọ́ ni wọ́n ń pa fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yẹn. Bí wọn kò bá sì ṣe é dáadáa, ẹ́ábáàgì ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ lè má ṣiṣẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló fẹ́ sítíárìn tuntun. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tòkunbọ̀ nílé náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín: bí ẹ bá ṣíná, ó yẹ kí iná ìkìlọ̀ ẹ́ábáàgì tàn, kí ó sì kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti fi nǹkan pamọ́.

Kí ni ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ní ẹ́ábáàgì lè ṣe? Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bó bá jẹ́ pé awọ tó bó nìkan ló ń dun yín, ẹ gbé sítíárìn àtijọ́ fún ẹni tó mọ awọ rán dáadáa, kí ó fi awọ tuntun wé etí rẹ̀ láìfọwọ́ kan àárín. Ilé-iṣẹ́ Mazda pàápàá fi sítíárìn Nardi tó ní ẹ́ábáàgì sí àwọn kan lára MX-5 ìran kejì. Àwọn kan ń wá irú rẹ̀ fún ọkọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ́ábáàgì gbọ́dọ̀ rí i dájú pé àpò náà àti kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yín bára mu. Bó bá jẹ́ pé pápá ìdíje nìkan ni ọkọ̀ náà ń lọ, tó ní ìjókòó àti bẹ́líìtì tó yẹ fún un, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ọkọ̀ tí ẹ óò máa gbé lọ sí ibi iṣẹ́, tí ẹ óò máa fi gbé ìyàwó tàbí ọkọ yín, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ fi ẹ́ábáàgì rẹ̀ sílẹ̀.

Bó ṣe yẹ kó tóbi tó

Ká ní ẹ ti gbé gbogbo èyí yẹ̀ wò, ẹ sì pinnu láti pààrọ̀ rẹ̀. Ìwọ̀n ló kàn. Òpó sítíárìn MX-5 ìran àkọ́kọ́ kò ṣeé gbé sókè tàbí rẹ̀ sílẹ̀: bí wọ́n ṣe ṣe é náà ló wà. Ẹni gíga sábà máa ń rí i pé itan òun ń fara kan ìsàlẹ̀ sítíárìn. Èyí gan-an ni ìdí tó mọ́gbọ́n wá jù lọ tí àwọn èèyàn fi ń wá èyí tó kéré, nítorí ó ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹsẹ̀.

Ìwọ̀n 350 mìlímítà láti etí kan dé èkejì ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ má ṣe kánjú gba èyí tó kéré sí i. Bí ẹ bá kúrò lórí 370 mìlímítà bọ́ sí 330, agbára tí apá yín yóò lò yóò fi nǹkan bí ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Àwọn MX-5 kan wà tí kò ní páwà sítíárìn. Ẹni tó bá fi èyí tó kéré jù sí irú wọn yóò mọ̀ ọ́n lára nígbà tó bá fẹ́ páàkì. Etí sítíárìn kékeré tún lè bo aago eré mọ́ awakọ̀ lójú.

Ìjìnnà sí àyà náà ṣe pàtàkì. Ẹ jókòó kí ẹ̀yìn yín fara ti ìjókòó pẹ́kípẹ́kí, kí ẹ na apá: ó yẹ kí ọrùn-ọwọ́ yín lè gbé orí sítíárìn lókè láìjẹ́ pé èjìká kúrò lára ìjókòó. Sítíárìn tí àárín rẹ̀ jìn wọ inú máa ń sún etí rẹ̀ mọ́ awakọ̀, èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ti awọ, èyí tó dán rọrùn láti nù. Èyí tó ní irun múlọ́múlọ́ máa ń di ọwọ́ mú dáadáa, àmọ́ òógùn àti epo ara tètè ń bà á jẹ́.

Bọ́ọ̀sì àti ihò bóòtù

Sítíárìn ọjà kò lè jókòó sórí ọkọ̀ yín fúnra rẹ̀. Irin ìsopọ̀ kan, tí wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀sì, ló máa ń wà láàárín wọn. Apá kan rẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́ tó gbọ́dọ̀ bá eyín òpó ọkọ̀ mu, nítorí náà orúkọ ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀ ni ẹ óò fi rà á. Apá kejì ní ihò bóòtù mẹ́fà tó tò yíká. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń fowó ṣòfò: òbírí ihò Momo, Sparco àti OMP jẹ́ 70 mìlímítà, ti Nardi àti Personal jẹ́ 74. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ mìlímítà mẹ́rin, ṣùgbọ́n bóòtù mọ̀ ọ́n. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ lu ihò náà gbòòrò kí ó lè wọlé. Bọ́ọ̀sì tó ní ihò fún oríṣi méjèèjì wà lọ́jà.

Bọ́ọ̀sì tó dára máa ń ní ibi tí wáyà fèrè ń gbà, ó máa ń ní ètè tó ń dá tráfíkétọ̀ padà lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti yà tán, àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ṣe kí wọ́n lè rún wọlé bí àyà awakọ̀ bá kọlu sítíárìn. Bí owó bá tó, irú èyí ni kí ẹ rà.

Ojúlówó àti ayédèrú

Orúkọ ńlá ní ìtàn. Ọkùnrin ará Ítálì kan, Gianpiero Moretti, ló dá Momo sílẹ̀ ní ọdún 1964 lẹ́yìn tó ti ní kí wọ́n ṣe sítíárìn kan fún ọkọ̀ ìdíje tirẹ̀. John Surtees lo irú rẹ̀ nínú Ferrari, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé Formula 1 lọ́dún náà. Ibi tí orúkọ bá ti tà, ayédèrú kì í jìnnà. Ní Jámánì, sítíárìn tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, nítorí náà ọ̀pọ̀ ojúlówó ní nọ́ńbà tí KBA bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lára irin wọn. Ẹ wò ó. Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, ẹ wo bí òwú awọ ṣe tò. Bí iye owó bá rọjú kọjá ààlà, ẹ bi ara yín léèrè ìdí rẹ̀. Irin tó bá tẹ̀ lọ́wọ́ yín ní ìyànà kò ní dúró gbọ́ àwáwí.

Ọjọ́ iṣẹ́

Bí ọkọ̀ bá ní ẹ́ábáàgì, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tàbí rewáyà tó ti ṣe irú iṣẹ́ náà rí bá yín ṣe é, bí òfin ibi tí ẹ ń gbé bá gbà á. Wọ́n gbọ́dọ̀ tú bátìrì, kí wọ́n sì dúró fún àkókò tí ìwé ọkọ̀ sọ kí wọ́n tó fọwọ́ kan àpò náà, nítorí ohun tó ń bú gbàmù wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ojú rẹ̀ ni kó kọ sókè nígbà tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀, kí ọmọdé má sì dé itòsí rẹ̀. Ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ má sọ ọ́ sórí ààtàn.

Ẹni tó ń tú nọ́ọ̀tì àárín kò gbọdọ̀ yọ ọ́ tán kí ó tó fa sítíárìn. Kí ó fi í sílẹ̀ lórí òpó díẹ̀, torí lójijì ni sítíárìn máa ń já, ó sì lè gbá èèyàn lójú. Kí ó sàmì sí òpó kí tuntun lè wà ní gbọọrọ. Bí nọ́ọ̀tì ṣe yẹ kó le tó wà nínú ìwé ọkọ̀. Kì í ṣe ohun à ń fojú díwọ̀n. Lẹ́yìn èyí, ẹ fun fèrè, ẹ dán tráfíkétọ̀ wò lọ́tùn-ún lósì, ẹ wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ ní ibi tí kò sí èrò, kí ẹ tún yẹ gbogbo bóòtù wò kí ẹ tó bọ́ sí títì ńlá.

Ká wí fún ni ká tó dá ni, àgbà ìjàkadì ni. Ẹ ti gbọ́ ohun tó ń bẹ nínú sítíárìn àtijọ́ náà. Bí kò bá ní ẹ́ábáàgì, ẹ wọn ihò bóòtù, ẹ yan èyí tó bá apá àti itan yín mu, kí ẹ gbádùn rẹ̀. Bó bá ní in, ẹ sọ fún ẹni tí yóò máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ohun tí ẹ fẹ́ yọ kúrò, kí ẹ sì gbọ́ èsì rẹ̀ kí ẹ tó mú sípánà.