Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébíyì wá ọ̀nà àbáyọ nínú kòkòrò ibà

Ká ní wọ́n ti Carter Bridge pa láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan. Ariwo yóò sọ ní Ìdúmọ̀tà, ṣùgbọ́n ọjà yóò ṣì wọ Ìsàlẹ̀ Èkó, nítorí ọkọ̀ lè gba Afárá Èkó já sí Apòǹgbọ̀n, tàbí kí ó gba Third Mainland tí wọ́n ṣí lọ́dún 1990 já sí Adéníji Adélé. Bó bá wá jẹ́ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà ńkọ́? Ebi ni yóò pa àwọn ará ibẹ̀.

Irú ìbéèrè yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ezekiel Adébíyì, ti Covenant University ní Ọ̀tà, fi kọ̀ǹpútà bi Plasmodium falciparum, kòkòrò tó ń fa ibà tó burú jù lọ. Kì í ṣe dókítà oníṣègùn o. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Ọdún 2002 ló gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Tübingen, Jámánì. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tẹ àkọsílẹ̀ jíìnì kòkòrò náà jáde, nǹkan bíi 5,300.

Bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń di gàrí, tí gàrí ń di ẹ̀bà, bẹ́ẹ̀ ni ohun kan ń di òmíràn nínú kòkòrò náà, ẹ́ńsáìmù ló sì ń ṣe iṣẹ́ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà ya gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí bí àwòrán ìgboro, ó ń dí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń wò ó bóyá kòkòrò náà lè gba ibòmíràn. Ní 2009, Adébíyì, Segun Fatumo àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Heidelberg kéde pé 70 ìgbésẹ̀ ni kò ní àrọ́pò. Wọ́n fi wọ́n wé 38 ibi tí oògùn ibà ti mọ̀ ọ́n kọlù, wọ́n tún ṣẹ́ ẹ, 22 tuntun ló kù.

Ẹni tó bá rò pé oògùn ti dé nìyẹn ń tan ara rẹ̀ ni. Yàrá àyẹ̀wò ló ṣì máa sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà kò ṣeé fi ṣeré. Gómìnà MacGregor, tó jẹ́ dókítà, ti gbógun ti ibà l'Ékòó láàárín 1899 sí 1904. Odò tí wọ́n gbẹ́ láti fa omi àbàtà kúrò ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Kòkòrò náà borí kolorokúìnì, ìyẹn ló jẹ́ kí ìjọba pààrọ̀ oògùn lọ́dún 2005. Títí di òní, bí ènìyàn mẹ́rin bá ní ibà lágbàáyé, ọ̀kan á jẹ́ ọmọ Nàìjíríà.

Fatumo ti lọ sí Uganda lẹ́yìn náà, níbi tó ti ṣèwádìí lórí jíìnì àwọn ọmọ Áfíríkà. Ní Ọ̀tà, Adébíyì darí ibùdó CApIC-ACE, tí Báńkì Àgbáyé ràn lọ́wọ́.