Ọkọ̀ Ọ̀fẹ́ fún Àwọn Arúgbó: Níbo Ni Yóò Gúnlẹ̀ sí?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe yìí fi hàn pé láyé àtijọ́, iṣẹ́ ọmọ ni ìtọ́jú arúgbó, kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba. Ọmọ ni í pọnmi fún ìyá. Ọmọ náà ni í di baba mú wọ inú ọkọ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá gbé e mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti lọ wá iṣẹ́ ṣe ní Èkó tàbí ní Wárì, tí ó ku òkété nìkan nínú ihò, ta ni yóò fún un ní ọmú mu? Ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, ọkọ̀ ọ̀fẹ́ fún àwọn arúgbó jẹ́ ọ̀kan nínú ìdáhùn tí ìjọba fún ìbéèrè yìí. Ó yẹ kí a yẹ ìdáhùn náà wò dáadáa kí a tó gbé e wá sí etíkun Ìlàjẹ, nítorí pé ọkọ̀ ibẹ̀ kì í rìn lórí ọ̀dà.

Abereke wà lára àwọn ìlú etí òkun ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Omi ni títì ibẹ̀. Ìgbókọ̀dá ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni ọjà ńlá wà, ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn ìjọba wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kí a fi ìyá arúgbó kan tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ lẹ́nu ṣe àpẹẹrẹ. Bí kò bá sí oògùn nítòsí, Ìgbókọ̀dá ni yóò lọ. Yóò san owó ọkọ̀ tirẹ̀, yóò sì san ti ọmọ-ọmọ tí yóò dì í mú nígbà tí ó bá ń sọ̀kalẹ̀ ní èbúté. Yóò dúró títí ọkọ̀ yóò fi kún. Bí ìjì bá dé, yóò padà sílé. Bí ó bá sì dé ilé ìwòsàn tí wọ́n sọ fún un pé kí ó padà wá lọ́la, owó ọkọ̀ àná ti wọ omi. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń ka iye tí ìwòsàn ń ná arúgbó etí òkun, owó oògùn nìkan kọ́ ni kí a kà.

Bẹntiróòlù ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọ̀nyí ń mu. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, jálá epo kan tí kò tó 200 náírà di nǹkan bí 500 náírà. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú. Láti dín ìnira kù, ìjọba àpapọ̀ fi ọkọ̀ ojú irin ṣe ọ̀fẹ́ ní àsìkò ọdún Kérésìmesì ọdún 2023, ó sì san ìdajì owó àwọn ọkọ̀ kan tí ń ti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Ó dára fún ẹni tí ó wà ní ìdí irin. Ṣùgbọ́n ojú irin kò dé Ìlàjẹ. Ẹ̀kọ́ kìíní nìyí: ọ̀fẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún ẹni tí ohun tí wọ́n fi ṣe ọ̀fẹ́ kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni àwọn ará Bìrìtéènì kọ́, bí wọ́n tilẹ̀ lówó jù wá lọ. Láti ọdún 1973 ni àwọn arúgbó ìlú Lọ́ńdọ̀nù, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé lónìí, ti ní káàdì tí wọ́n fi ń wọ ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Wales sọ bọ́ọ̀sì di ọ̀fẹ́ fún àwọn arúgbó ní ọdún 2002, Scotland ní ọdún 2006. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2007 fún wọn ní àǹfààní láti wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri ilẹ̀ náà láti oṣù kẹrin ọdún 2008, lẹ́yìn agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ ni í san owó padà fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, lábẹ́ ìlànà pé kí ilé-iṣẹ́ náà má jèrè, kí ó má sì pàdánù nítorí ètò náà.

Ṣùgbọ́n àlàfo kan wà nínú òfin náà. Láti ọdún 1986, ní ọ̀pọ̀ ibi lẹ́yìn òde Lọ́ńdọ̀nù, ilé-iṣẹ́ aládàáni ni í yan ojú ọ̀nà tí yóò máa ná. Bí ọ̀nà kan kò bá mú owó wọlé, ìjọba ìbílẹ̀ lè san owó kí ọkọ̀ má bàa kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìnáwó kúrú láti ọdún 2010, owó tí wọ́n ń fi gbé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ró wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ gé. Wọn kò lè gé owó káàdì, nítorí òfin dè é; wọ́n lè gé ọkọ̀, nítorí òfin kò dè é. Báyìí ni káàdì wà lápò arúgbó abúlé, tí bọ́ọ̀sì kò sì yà níbùdókọ̀ mọ́. Ẹ̀tọ́ láti wọ ọkọ̀ wà. Ọkọ̀ ni kò sí.

Nílé, ìtàn tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Láti ọdún 1979 sí 1983, ìjọba Gómìnà Adékúnlé Ajáṣin fi ẹ̀kọ́ àti ìwòsàn ṣe ọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ti ṣèlérí. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní òpin ọdún 1983, tí ètò àtúnṣe ọrọ̀ ajé sì tẹ̀lé e ní ọdún 1986, owó sísan padà sí ilé ìwòsàn. Ní Èkìtì, ìjọba Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó aláìní tí ó ti pé ẹni ọdún 65 ní 5,000 náírà lóṣooṣù ní ọdún 2011. Nígbà tí ìjọba yí padà ní ọdún 2014, owó náà dáwọ́ dúró. Ẹ̀kọ́ kejì nìyí: oore tí ó rọ̀ mọ́ ọrùn ẹnì kan, nígbà tí ẹni náà bá bọ́ sílẹ̀, oore náà a bọ́ sílẹ̀.

Kí ni òfin wí? Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní ìpín 16, sọ pé kí ìjọba ṣètò ìtọ́jú ọjọ́ ogbó. Ṣùgbọ́n ìpín 6 ìwé òfin kan náà kò fún ilé ẹjọ́ lágbára láti fi ipá mú ìjọba lórí irú ètò bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe àṣẹ. Ìwé òfin náà fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ipa nínú ètò ìlera, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú àpò kan náà pẹ̀lú ìpínlẹ̀ ni owó ìjọba ìbílẹ̀ ń wọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìdájọ́ náà bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, ará Abereke yóò mọ ẹni tí yóò bi léèrè nígbà tí kò bá sí oògùn.

Kì í ṣe ìjọba nìkan ni í gé iṣẹ́ ìlú kúrú ní etíkun yìí. Òkun náà ń gé e. Ní Ayétòrò, ìlú tí a tẹ̀ dó ní ọdún 1947, tí àwọn ará rẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn kan ọkọ̀, tí wọ́n sì dá iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, òkun ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé lọ. Ibi tí ilé bá ti wọ omi, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn kì í gbẹ́yìn. Bí wọn kò bá tún wọn kọ́, ọ̀nà arúgbó yóò túbọ̀ máa gùn sí i.

Àwọn kan yóò sọ pé, bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí ìjọba gbàgbé ọkọ̀ ọ̀fẹ́, kí ó kó owó rẹ̀ sí ilé ìwòsàn. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, nítorí oògùn tí ó wà nílé sàn ju ọkọ̀ tí ó ń gbé ni lọ wá oògùn. Ṣùgbọ́n ìlú kékeré kò lè ní oníṣẹ́ abẹ tàbí dókítà ojú tirẹ̀. Ìgbà kan ń bọ̀ tí arúgbó gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ gba ipò ilé ìwòsàn, ilé ìwòsàn kò sì lè gba ipò ọkọ̀.

Bí a bá fẹ́ kí ọkọ̀ ọ̀fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Abereke, ohun mẹ́ta ni yóò gbé e dúró. Èkínní ni owó tí ń dé ọwọ́ awakọ̀ lásìkò. Ẹni tí ó ra epo lónìí kò lè dúró de owó ìjọba fún oṣù mẹ́fà. Bí ó bá pẹ́, yóò máa wo arúgbó bí ẹrù tí kò lérè, yóò sì fi í sílẹ̀ ní èbúté. Èkejì ni ọkọ̀ tí ó ní ọjọ́ àti àkókò, tí ó ń ṣí bí kò tilẹ̀ kún, tí ẹ̀wù ìdáàbòbò wà nínú rẹ̀, tí èbúté rẹ̀ sì ní àtẹ̀gùn tí ẹsẹ̀ arúgbó lè gùn. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ tí ó wà ní òpin ìrìn náà: nọ́ọ̀sì àti oògùn fún àìsàn ojoojúmọ́ ní ìlú fúnra rẹ̀, àti dókítà tí ó wà níjòókòó ní Ìgbókọ̀dá ní ọjọ́ tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀. Kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ sì fi òfin de mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa lè yọ ọ̀kan kí ó fi méjì sílẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ pé ìjọba kan fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe ọ̀fẹ́ fún àwọn arúgbó, kí a má tíì pàtẹ́wọ́. Kí a kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò san owó epo, ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò ṣí, àti ohun tí yóò wà ní èbúté nígbà tí ó bá gúnlẹ̀. Òkété tí ó ti darúgbó kò béèrè pé kí wọ́n gbé òun káàkiri igbó. Ọmú ni ó ń wá.