Omi Ìkùdù Ẹja Tí Ó Di Àwọ̀ Ewé: Ohun Tí Ń Fà Á àti Bí A Ti Lè Kápá Rẹ̀

Ẹja àrọ̀ jẹ́ ẹja tí ó ń yára tóbi, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó sì ń rí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ wọn nínú sísìn ín. Àwọn kan ń sìn ín nínú ìkùdù ilẹ̀, irú èyí tí ó pọ̀ jàǹtìrẹrẹ ní Èrìwè lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn mìíràn ń sìn ín ní ẹ̀yìnkùlé, nínú ìkùdù tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì mọ. Ṣùgbọ́n ẹja ńlá a máa jẹun púpọ̀, èyí tí ó bá sì jẹun púpọ̀ a máa yàgbẹ́ púpọ̀. Kì í pẹ́ tí omi tí ó mọ́ gaara ní ọjọ́ tí wọ́n kó ẹja sí i yóò fi di aláwọ̀ ewé, tí ara ògiri ìkùdù yóò sì máa yọ̀. Nígbà náà ni ọ̀pọ̀ olùsìn ẹja máa ń wá oògùn kiri, láìmọ̀ pé oògùn náà lè pa gbogbo ẹja wọn ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo.

OHUN TÍ Ó SỌ OMI DI BẸ́Ẹ̀

Ohun aláwọ̀ ewé yìí kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Ewéko kéékèèké ni, tí ojú kò lè rí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n tí iye rẹ̀ nínú ife omi kan kò ṣe é kà. Bí àgbàdo ti ń fẹ́ oòrùn àti ajílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ewéko omi yìí ń fẹ́ wọn. Oòrùn ń ti òkè wá. Ajílẹ̀ ń ti inú ìgbẹ́ ẹja wá, àti láti inú oúnjẹ tí ẹja kò jẹ tán. Nínú èròjà ajílẹ̀ tí ó wà nínú oúnjẹ ẹja, èyí tí ẹja ń sọ di ẹran ara rẹ̀ kò tó ìdajì. Ìyókù a padà sínú omi. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń da oúnjẹ jù sínú ìkùdù, ewéko omi ni ó ń fi owó rẹ̀ bọ́.

Ọ̀RẸ́ NÍ Ọ̀SÁN, Ọ̀TÁ NÍ ÒRU

Bí àwọ̀ ewé náà bá mọ níwọ̀n, kò léwu. Ní ọ̀sán, ewéko yìí a máa mú atẹ́gùn tí ẹja ń mí jáde sínú omi, ẹja epìyà a sì máa fi í ṣe oúnjẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, òun náà a bẹ̀rẹ̀ sí í mí nínú atẹ́gùn kan náà. Bí ó bá pọ̀ jù, kí ilẹ̀ tó mọ́, atẹ́gùn inú omi á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìdí nìyí tí a fi ń rí ẹja ní ìdájí tí wọ́n kó ara wọn jọ sí ojú omi, tí wọ́n ń ya ẹnu sókè. Epìyà ni ó ń kọ́kọ́ kú. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan ní orí rẹ̀ tí ó fi ń mí nínú afẹ́fẹ́ òkè, nítorí náà ó lè fara dà á. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ kò tí ì ní ẹ̀yà ara yìí ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ ayé wọn.

Ewu mìíràn wà ní ọ̀sán. Ewéko tí ó pọ̀ jù a máa sọ omi di líle, bí omi eérú tí a fi ń ṣe ọṣẹ. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀, amóníà tí ó ń jáde láti ara ẹja a di májèlé tí ó le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

EWU TÍ Ó WÀ NÍNÚ OÒGÙN

Àwọn àgbẹ̀ kòkó mọ oògùn aláwọ̀ aró tí a fi bàbà ṣe, èyí tí wọ́n ń pò mọ́ láìmù láti fọ́n sí kòkó nítorí àrùn tí ń sọ èso dúdú. Lóòótọ́, oògùn yìí ń pa ewéko omi, ṣùgbọ́n ó ń pa ẹja pẹ̀lú, pàápàá nínú omi tí kò le. Bí ẹja kò bá sì kú nípa bàbà, ewéko tí ó kú lẹ́ẹ̀kan náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, jíjẹrà náà yóò sì gba gbogbo atẹ́gùn inú omi. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ajílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ewéko mìíràn yóò sì hù. Ẹni tí ó pa ewéko láìdín oúnjẹ kù dà bí ẹni tí ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ tí kò dí ihò rẹ̀.

OHUN TÍ Ó YẸ NÍ ṢÍṢE

Èkíní, kí a wọn oúnjẹ. Fún ẹja tí ó ń dàgbà, 3 kìlò oúnjẹ lójúmọ́ fún 100 kìlò ẹja jẹ́ ìwọ̀n tí a lè fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹja bá jẹ́ 400, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wọn ìdajì kìlò, àpapọ̀ wọn jẹ́ 200 kìlò. 6 kìlò ni oúnjẹ wọn lójúmọ́, ní ìgbà méjì. Bí olówó wọn bá ń da 8 kìlò sí i, 14 kìlò ni yóò ṣòfò ní ọjọ́ 7, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odindi àpò oúnjẹ tí ó wọn 15 kìlò. Ohun tí ẹja kò bá jẹ tán ní ìwọ̀n 20 ìṣẹ́jú ti pọ̀ jù.

Èkejì, kí a máa jò omi láti ìsàlẹ̀, níbi tí ìgbẹ́ ń gbé. Kí a fa ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí ìdá kan nínú mẹ́ta omi náà dànù, kí a sì fi omi tútù dí i. Omi kànga oníròó ní láti já láti òkè kí ó lè kó afẹ́fẹ́ mọ́ra. Omi ẹ̀rọ ìjọba tí ó ní oògùn nínú ní láti dúró ní gbangba fún ọjọ́ kan kí a tó lò ó.

Ẹ̀kẹta, kí a dín oòrùn kù. Imọ̀ ọ̀pẹ tí a tẹ́ sórí igi, tí ó bo bí ìdajì ojú ìkùdù onísìmẹ́ǹtì, ti tó. Kí a máa gbá èyí tí ó bá rẹ̀ sínú omi kúrò.

Ẹ̀kẹrin, kí a máa yẹ omi wò ní ọ̀sán gangan. Kí olùsìn ẹja ki ọwọ́ bọ omi dé ìgunpá, kí ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sókè. Bí ó bá ṣì ń rí àtẹ́lẹwọ́ náà fírífírí, omi dára. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá pòórá nígbà tí omi kò tí ì kọjá ọrùn ọwọ́ púpọ̀, kí ó dá oúnjẹ dúró fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ó sì pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀. Bí ẹja bá ń ya ẹnu sókè ní ìdájí, kí ó da omi tútù sí i lójú ẹsẹ̀, kí ó má sì fún wọn ní oúnjẹ ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

Bí ohun tí ó nípọn bí ọ̀dà bá léfòó lójú omi, kí a gbọ́n ọn kúrò, kí a má sì jẹ́ kí ewúrẹ́ tàbí ajá mu omi náà, nítorí irúfẹ́ kan nínú rẹ̀ ní májèlé. Òun náà ni ó sábà máa ń mú kí ẹran ẹja máa ta ẹrẹ̀ lẹ́nu. Ẹja bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó gbé inú omi mímọ́ fún ọjọ́ díẹ̀ kí a tó gbé e lọ sí ọjà.

Kí a má ṣe da omi tí a fà sí odò tí ará ìlú ń mu. Kí a darí rẹ̀ sí oko ewédú àti tẹ̀tẹ̀, nítorí ajílẹ̀ tí ó jẹ́ ewu nínú ìkùdù jẹ́ èrè lórí ebè.